Irinwó Ọjọ́ Láìsí Àròyé ní Hjellvåg

Bí ẹ bá ti rí ọkùnrin kan tó ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ló yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàtà òun, ẹ ti rí Oddvar Kleppestø nìyẹn, kò sì yẹ kí n máa ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín. N ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ṣá o, nítorí pé ó wù mí.

Ní ìlú Hjellvåg tí mo ti ń gbé láti ọdún mẹ́tàlélógún, orúkọ àbísọ là ń pe gbogbo èèyàn. Ragnfrid ni alága ìbílẹ̀ wa. Ragnfrid náà ni ọmọ ọdún márùn-ún ń pè é nínú ilé ìtajà, kò sì bínú rí. Dókítà wa, orúkọ rẹ̀ là ń pè. Àlùfáà wa, orúkọ rẹ̀ là ń pè, àfi bó bá ti gun orí pẹpẹ. Oddvar nìkan ṣoṣo ló ní kí wọ́n máa pe òun ní Olùdarí Àgbà Ètò Ìrànlọ́wọ́ Ẹ̀rọ Ayárabíàṣá. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì òun. Nígbà tí ilẹ̀kùn ò gba gbogbo rẹ̀, ó ní kí wọ́n pààrọ̀ ilẹ̀kùn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí kọ̀ǹpútà bá dákú ní ilé ìwé, ní ilé àwọn arúgbó tàbí ní ọ́fíìsì ìbílẹ̀ èyíkéyìí, ẹ̀ka tirẹ̀ ló yẹ kó jí i. Èèyàn mẹ́rin ló bá níbẹ̀ nígbà tó gba ipò náà ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Mẹ́ta ti sá lọ síbi tí wọ́n ti lè mí. Èyí tó kù ni Eilif, igbákejì rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí orí rẹ̀ ti mọ́ "bẹ́ẹ̀ ni" débi pé ó máa ń mì ín lókè-nísàlẹ̀ nígbà tó bá dá nìkan wà nínú bọ́ọ̀sì.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyanu kan ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ka náà. Fún irinwó ọjọ́ gbáko, àròyé kan ṣoṣo ò wọlé. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ kan ní gbogbo etíkun wa tó lè fi ẹnu rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan tó máa ń fún àwọn ìbílẹ̀ ní àmì ẹ̀yẹ gbọ́ ìròyìn yìí, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá gbé àwo dígí lé Oddvar lọ́wọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Mọ́ńdè kan, nínú oṣù kọkànlá.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn gan-an ni Solrun Haugtveit bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Solrun jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi to ẹja sínú páálí ní ilé iṣẹ́ tó wà ní èbúté, títí tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ kan tó ń to ẹja tí kì í sì tọrọ àyè láti lọ mu kọfí. Wọ́n dá èèyàn méjìlá dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Solrun ò sunkún. Ó lọ jókòó láàárín àwọn tí òun lè bí lọ́mọ, ó fi ọdún méjì kọ́ iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe, ó sì kọ ìwé wáṣẹ́ mọ́kàndínlógún. Ẹyọ kan ló rí èsì gbà. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ oṣù ìdánwò. Bí ọ̀gá bá sọ pé ojú rẹ̀ ò wu òun, ó di ilé. Iṣẹ́ míràn tó sún mọ́ jù gba wíwọ ọkọ̀ ojú omi méjì ní àárọ̀ àti méjì ní ìrọ̀lẹ́, Jostein ọkọ rẹ̀ kò sì lè dá ṣòkòtò wọ̀ mọ́ láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá òsì. Nítorí náà, nígbà tí Solrun wọlé ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó fi bébà wé búrẹ́dì àti wàràkàṣì rẹ̀ sínú àpò, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ rárá.

Oddvar ti ń dúró dè é. Ó ti wọ kóòtù dúdú, ó so táì, ó sì dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ti bọ́ sí i lára dáadáa.

"Solrun Haugtveit," ó bẹ̀rẹ̀, "ibi tí o wọ̀ yìí kì í ṣe ọ́fíìsì. Ọ́fíìsì pọ̀ lọ súà. Orísun lèyí. Láti inú yàrá yìí ni ọgbọ́n ti ń ṣàn lọ bá gbogbo ẹ̀rọ ayárabíàṣá ìlú yìí, bí omi ṣe ń ṣàn láti orí òkè. Ta wá ni òkè náà?"

Solrun ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun dáhùn.

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá," Eilif dáhùn láti ẹ̀yìn.

"Nígbà tí mo dé ibí, àròyé ń wọlé bí eṣinṣin. Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi, kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n ń tún nǹkan ṣe. Wọ́n tún un ṣe, ó tún bàjẹ́, wọ́n tún tún un ṣe. Ṣé ìgbésí ayé nìyẹn? Èmi ò tún nǹkan kan ṣe rí. Mo ronú."

"Ọ̀gá ronú gan-an ni," Eilif wí.

Ọ̀rọ̀ ìkínikáàbọ̀ náà gba ogójì ìṣẹ́jú. Mo lè sọ gbogbo rẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ò ṣẹ̀ mí. Solrun wà lórí ìdúró látìbẹ̀rẹ̀ dópin, jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń ro omi sílẹ̀ nítorí òjò tó dà pọ̀ mọ́ yìnyín tó ń rọ̀ níta. Nígbà tó parí, ó dúpẹ́, ó sì béèrè iṣẹ́ tí òun yóò kọ́kọ́ ṣe.

Oddvar wò ó bí àlùfáà ṣe ń wo ẹni tó dá ìwàásù dúró láti béèrè ọ̀nà ilé ìgbẹ́.

"Iṣẹ́? Lónìí? Ní aago méjìlá, àwọn àlejò ń bọ̀ nínú yàrá yìí gan-an. Èmi ni mo ní kó jẹ́ ibí, kí wọ́n lè fi etí ara wọn gbọ́ bó ṣe dákẹ́ tó. Lónìí, wíwà ni iṣẹ́ rẹ. Jókòó, kí o wà. Má tún nǹkan kan ṣe."

Solrun jókòó, ó sì wà.

Lórí tábìlì tí wọ́n fún un, kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀, fóònù àtijọ́ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti Ẹ̀ka Ìrànlọ́wọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ògiri gbogbo ọ́fíìsì ìlú wa. Ó nu eruku ara rẹ̀. Eruku náà nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ ìnulẹ̀ kan ò tó. Ó gbé fóònù sétí, kò dún. Ó fi ojú tọ wáyà rẹ̀ lọ, ó rí i pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n fi rọ́bà dì í, wọ́n sì tẹ́ ẹ sínú dúrọ́ọ̀ bí ìgbà tí wọ́n tẹ́ òkú ọlọ́lá.

"Eilif, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí wọ́n yọ wáyà yìí?"

Eilif wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Solrun, ẹ fi sílẹ̀. Fóònù yẹn ló ń kó ìṣòro wọlé. Lójoojúmọ́ ló ń dún, gbogbo ìgbà tó bá sì dún, nǹkan kan ti bàjẹ́ níbì kan. Ọ̀gá ronú sí i, wọ́n ní ká yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, nǹkan kan ò bàjẹ́ mọ́."

"Kò bàjẹ́, àbí ẹ ò gbọ́?"

Eilif ronú díẹ̀. "Kí ni ìyàtọ̀ ibẹ̀?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má fi Eilif ṣẹ̀sín. Àwọn tó ń ṣe ìjọba lé odindi orílẹ̀-èdè lórí náà ò tíì rí ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá bàjẹ́ ní Hjellvåg, Oddvar ti ṣe ètò tirẹ̀: kó lọ kọ fọ́ọ̀mù ojú ewé mẹ́fà. Orí kọ̀ǹpútà ni fọ́ọ̀mù náà wà.

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, obìnrin kan ti ilẹ̀kùn wọlé láìkànkùn. Tordis ni, ọ̀kan lára àwọn nọ́ọ̀sì ilé àwọn arúgbó tó wà lókè. Ó ti rin ìrìn ogún ìṣẹ́jú nínú òjò, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú orí rẹ̀.

"Ta ni mo lè bá sọ̀rọ̀ níbí? Láti àná ni mo ti ń pe nọ́ńbà yín."

Solrun fún un ní àga. Tordis ò jókòó. Ó ní bọ́tìnnì kan wà tí àwọn arúgbó máa ń so mọ́rùn. Bí ara bá ni wọ́n tàbí wọ́n bá ṣubú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà yàrá wọn á yọ lójú kọ̀ǹpútà àwọn nọ́ọ̀sì, agogo á sì dún. Láti ọjọ́ Sátidé ni ojú kọ̀ǹpútà náà ò ti fi nǹkan kan hàn. Wọ́n rò pé àwọn arúgbó kàn ń sinmi ni.

"Ní àárọ̀ àná, Ìyá Magnhild ṣubú ní ilé ìwẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Èmi jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, mò ń mu kọfí. Wákàtí mẹ́ta ló fi wà nílẹ̀ tútù." Tordis nu omi òjò kúrò lójú. "Ó wà láàyè. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló kán. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rìndínlógójì ló kù lórí òkè yẹn tí wọ́n so nǹkan tí ò ṣiṣẹ́ mọ́rùn. Àwa méjì péré là ń sáré láti yàrá dé yàrá."

"Ṣé ẹ ti kọ fọ́ọ̀mù?" Eilif béèrè.

"Kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́."

"Bó bá ti padà bọ̀ sípò, ẹ kọ ọ́."

Solrun ti dìde, ó ti ń wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà, nígbà tí Oddvar jáde láti inú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Ó ń fi ọ̀rọ̀ ọ̀sán dánra wò níwájú dígí. Wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ dé òpin, n ò ní purọ́ mọ́ ọn.

"Ó bani nínú jẹ́," ó wí. "Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo lè dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lórí rẹ̀."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bá wọn lọ báyìí," Solrun wí. "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nǹkan kékeré."

"Tẹ́tí sí mi dáadáa. Bí o bá lọ, a jẹ́ pé nǹkan bàjẹ́. Bí nǹkan bá bàjẹ́, a jẹ́ pé ẹnì kan ṣe àròyé. Bí ẹnì kan bá sì ṣe àròyé lónìí, irinwó ọjọ́ ti di òfo. Ṣé ìwọ tí o dé ní wákàtí méjì sẹ́yìn lo fẹ́ ba irinwó ọjọ́ jẹ́? Bí o bá fi ẹsẹ̀ kan kúrò nínú yàrá yìí ṣáájú aago kan, má wulẹ̀ padà wá lọ́la."

Ó padà sídìí dígí rẹ̀. Solrun dúró pẹ̀lú ọwọ́ kan nínú jákẹ́ẹ̀tì. Ó ronú kan Jostein, ọkọ̀ ojú omi méjì ní àárọ̀, méjì ní ìrọ̀lẹ́. Ó sì ronú kan ìyá arúgbó tó ń tẹ bọ́tìnnì lórí ilẹ̀ tútù. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wúwo, ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ fún yín pé òun mọ èyí tó wúwo jù kíákíá, ẹni náà ò tíì wá iṣẹ́ rí.

Lẹ́yìn náà ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó sì mú Tordis sún mọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Padà lọ sókè," ó wí. "Jókòó síwájú kọ̀ǹpútà yín, kí o pe nọ́ńbà tí ò ń pè láti àná. Wọ́n ní kí n má kúrò nínú yàrá. Mi ò ní kúrò."

Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó tú rọ́bà, ó na wáyà, ó sì tì í bọ inú ògiri. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Iná pupa kékeré kan ṣẹ́jú lára fóònù náà, ó dákẹ́, bíi pé ó ń ronú bóyá kó jí. Eilif rí gbogbo rẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn láti lọ to àwo kéèkì.

Ilé àwọn arúgbó jìnnà, Tordis sì bá ìṣòro pàdé bó ṣe dé ibẹ̀: bàbá kan ti kúrò ní yàrá rẹ̀, wọn ò mọ ibi tó wà. Aago mọ́kànlá kọjá, kò pè. Aago méjìlá lù, àwọn àlejò sì wọlé.

Ragnfrid alága ṣáájú, obìnrin ńlá tó wọ bàtà òjò; oṣù kan péré ló ti lò lórí ipò. Asgaut Breivoll tẹ̀lé e, alága ìgbìmọ̀ àmì ẹ̀yẹ, ó gbé àpótí tí àwo dígí wà nínú rẹ̀ mọ́ra bí ọmọ tuntun. Obìnrin oníròyìn kan láti ìwé ìròyìn ìlú wa tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú kámẹ́rà. Kéèkì funfun wà lórí tábìlì, wọ́n fi súgà kọ nọ́ńbà irinwó sí i lórí.

"Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ṣòfò," Oddvar wí, ó sì ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú mọ́kànlá.

Ó sọ ìgbà tí wọ́n bí i. Ó sọ bí olùkọ́ rẹ̀ ṣe rí ìràwọ̀ lójú rẹ̀. Ó sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ń wá ohun tí Hjellvåg ti rí. Ní ojú ewé kẹrin, ó gbé bébà sílẹ̀, ó na ìka sókè.

"Ẹ̀yin àlejò pàtàkì, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Kí lẹ gbọ́?"

Wọ́n tẹ́tí. Òjò ń ta ojú fèrèsé. Ikùn Breivoll kùn díẹ̀ nítorí kéèkì.

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí ẹ ò gbọ́ yẹn, èmi ni mo dá a."

Fóònù dún.

Oddvar wo fóònù náà bí ẹni tí àna rẹ̀ tó ti kú ṣílẹ̀kùn wọlé, tó sì béèrè oúnjẹ. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ó dún lẹ́ẹ̀kẹta.

"Wọ́n ń kí yín kú oríire ni, ọ̀gá," Eilif wí.

"Ẹ gbé e, ẹ gbé e," Breivoll wí tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ó máa dùn-ún gbọ́."

Solrun gbé e. Fóònù àtijọ́ ni, ohùn rẹ̀ ń jáde síta bí ohùn inú agolo.

"Ẹ kú ọ̀sán. Ẹ̀ka Ìrànlọ́wọ́ nìyí, Solrun ló ń sọ̀rọ̀."

Nǹkan kan já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ní òdì kejì. Lẹ́yìn náà obìnrin kan sọ pé, "Ta nìyẹn? Ṣé èèyàn ni?"

"Èèyàn ni, mà."

"Wọ́n gbé e o," obìnrin náà sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ tí àwọn kan pàtẹ́wọ́ lọ́nà jíjìn. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè ní ọ̀sán ló ń pe nọ́ńbà náà láti ọdún tó kọjá, bí àwọn kan ṣe ń lọ bá sàréè sọ̀rọ̀, láìretí èsì. Ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn ti kú. Ó ní kọ̀ǹpútà mọ́kànlá ti kú tẹ̀ lé e. Ó ní àwọn olùkọ́ ti padà sí ṣọ́ọ̀kì, ṣọ́ọ̀kì náà sì ti ń tán.

Solrun kọ ọ́ sílẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó sì gbé fóònù kalẹ̀. Ó dún kí ọwọ́ rẹ̀ tó kúrò lórí rẹ̀.

"Èmi nìyí, Tordis. A ti rí bàbá náà. Mo ti wà níwájú kọ̀ǹpútà."

"Kí ló wà lójú rẹ̀? Kà á fún mi bó ṣe wà gẹ́lẹ́, n ó máa tẹ̀ lé ọ."

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn: kó máa tún ohun tí oníbàárà bá sọ sọ, kí àṣìṣe má bàa wọ̀ ọ́. Kò ronú kan àwọn tó dúró yí i ká. Ó ń tún un sọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ sì lọ geere: "Àyè ìlò ètò agogo yìí ti parí ní ọjọ́ Sátidé... Ìwé ìsọdọ̀tun ti wà níwájú Olùdarí Àgbà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta... Òun nìkan ṣoṣo ló lè fọwọ́ sí i."

Ragnfrid gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. "Agogo wo?"

Solrun ní kí Tordis pè padà, ó gbé fóònù kalẹ̀, ó sì sọ fún alága. Kò fi ohùn sókè, kò fi kún un. Ó sọ bọ́tìnnì, ó sọ ọjọ́ Sátidé, ó sọ Ìyá Magnhild àti wákàtí mẹ́ta. Oníròyìn náà ti dẹ́kun yíya fọ́tò, ó ń kọ̀wé.

"Oddvar," Ragnfrid wí, "lọ fọwọ́ sí i báyìí."

"Alága, ètò wà fún un. Mo wà ní ojú ewé kẹrin."

"Báyìí ni mo wí."

Wọ́n jọ rọ́ wọ yàrá Oddvar. Kọ̀ǹpútà tó tóbi jù ní Hjellvåg wà lórí tábìlì rẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó nígbà tí wọ́n rà á ṣì wà lójú rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, òtítọ́ ibẹ̀ rèé: fún ọdún mẹ́sàn-án, Eilif ló ń tẹ lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀ jáde sórí bébà, Eilif náà ló ń dáhùn wọn. Oddvar jókòó. Ó wo àwọn bọ́tìnnì náà bí ẹni tí wọ́n gbé àwo oúnjẹ ìlú míràn fún.

"Ọ̀rọ̀ aṣínà yín, ọ̀gá," Solrun wí jẹ́jẹ́.

"Eilif?"

"Ẹ ò sọ ọ́ fún mi rí, ọ̀gá. Ẹ ní kì í ṣe fún irú mi."

Oddvar fi ọwọ́ kan bo ọwọ́ kejì, ó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń yẹ iṣu wò bóyá ó ti jinná. Kò wọlé. Ó tún un ṣe. Kò wọlé. Òógùn ti yọ sí etí rẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ pupa yọ lójú kọ̀ǹpútà, Breivoll wọ awò ojú rẹ̀, ó sì kà á sókè nítorí pé irú èèyàn tó máa ń ka nǹkan sókè ni: "A ti ti ọ̀nà yìí pa. Ẹ pe fóònù Ẹ̀ka Ìrànlọ́wọ́."

Nínú yàrá kejì, fóònù náà ń dún.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló burú jù fún un. Ìbá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ragnfrid yíjú sí igbákejì. "Ta ló tún lè fọwọ́ sí i?"

Eilif wo Oddvar. Ó wo alága. Ìṣirò náà ò gbà á lákòókò. "Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sídìí fóònù yẹn ló lè ṣe é tẹ́lẹ̀, kí ọ̀gá tó yí òfin padà. Mo sọ fún wọn nígbà náà pé kò dáa." Kò sọ fún wọn rí.

"Yí i padà."

Eilif tẹ nǹkan méjì lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Solrun sáré padà sí tábìlì rẹ̀, ó rí ìwé náà lójú kọ̀ǹpútà, ó fọwọ́ sí i, ó gbé fóònù tó ṣì ń dún sétí: Tordis ló ti ń pè padà. Gbogbo rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìwé náà ti fi ń dúró de ìṣẹ́jú méjì.

"Tordis, dán an wò."

"Ẹ má pa á. Mò ń lọ bá Bàbá Anton ní yàrá kẹrin."

Wọ́n dúró. Breivoll gbé àpótí rẹ̀ mọ́ àyà. Ragnfrid sún mọ́ fóònù. Lẹ́yìn náà agogo kan dún láti inú fóònù, ó mọ́ gaara. Ó tún dún. Ó dún nígbà mẹ́rin léraléra.

"Bàbá, ó ti tó," ohùn Tordis wí lókèèrè. "Ó ti ń ṣiṣẹ́."

"Jẹ́ kí n tún un tẹ̀," ọkùnrin arúgbó kan dáhùn. "Mi ò gbà yín gbọ́ mọ́."

Solrun fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó sọ pé eruku ni, eruku sì wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Oddvar ti dé ẹnu ọ̀nà, bébà rẹ̀ wà lọ́wọ́. "Níwọ̀n ìgbà tí a ti yanjú ọ̀ràn kékeré yìí," ó wí, "mo dámọ̀ràn pé kí a máa bá ètò lọ."

Breivoll ti ń gbé àwo dígí náà padà sínú ọ̀wú rẹ̀. "Wọ́n ní irinwó ọjọ́ láìsí àròyé," ó wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ó yẹ kí n ti béèrè ẹni tí àwọn èèyàn á ṣe àròyé náà fún." Ó pa àpótí dé, ó kí Solrun, ó sì lọ láìjẹ kéèkì.

Fóònù ò sinmi mọ́. Ní aago kan, Ragnfrid bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó fa àga, ó sì ń bá Solrun kọ orúkọ àwọn tó ń pè. Ó di aago mẹ́rin, èèyàn mẹ́tàlélọ́gọ́ta ti pè. Ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì omi sọ ìṣòro rẹ̀ tán, ó sì sọ pé kì í ṣe pé òun retí kí wọ́n tún un ṣe o, ó kàn dùn mọ́ òun pé ẹnì kan gbọ́. Solrun ní wọ́n á tún un ṣe. Kò ráyè jẹ búrẹ́dì rẹ̀. Kéèkì ni wọ́n jẹ, láàárín ìpè kan sí èkejì, wọ́n sì fi ìwé àṣẹ Oddvar nípa fọ́ọ̀mù ojú ewé mẹ́fà ṣe àwo.

Ní ọjọ́ kejì, ìwé ìròyìn gbé e jáde. Oddvar kọ lẹ́tà ẹ̀hónú ojú ewé mẹ́sàn-án, ó ní nǹkan kan ò bàjẹ́ ní Hjellvåg títí tí obìnrin kan fi ki wáyà bọ inú ògiri. Ẹ kò lè rí àlébù nínú èrò yẹn: irú rẹ̀ ló gbé e dé ipò.

Níbí, a kì í lé ọ̀gá kúrò níṣẹ́. A máa ń fún un ní iṣẹ́ àkànṣe. Wọ́n gbé tábìlì Oddvar lọ sí abẹ́ ilé ìkàwé, kó máa to àwọn ìwé ìlò ẹ̀rọ tí wọn ò ṣe mọ́ sórí pákó. Eilif dúró síbi tó wà. Solrun ló wá ń mi orí fún báyìí, Solrun sì fi wáyà lé e lọ́wọ́, ó ní kó lọ sí ilé ìwé. Wọn ò dúró de oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó fún Solrun níwèé pé iṣẹ́ ti di tirẹ̀. Jostein fi ọwọ́ kan ṣoṣo gé ìwé ìròyìn náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, ìwé náà sì wọ́ díẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí Ragnfrid fi dandan lé ni pé kí Oddvar lọ bẹ Ìyá Magnhild fúnra rẹ̀.

Ó lọ ní ọjọ́ Tọ́sìdeè. Ó so táì, ó ra òdòdó, ó sì mú ọ̀rọ̀ tó kọ sílẹ̀ dání. Ìyá náà jókòó létí fèrèsé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú sìmẹ́ńtì oníṣègùn, bọ́tìnnì wà lọ́rùn rẹ̀. Oddvar dúró síwájú rẹ̀, ó tún ohùn ṣe.

"Ìyá àgbà ọlọ́lá, nínú ìrìn àjò ìtẹ̀síwájú ẹ̀dá ènìyàn—"

"Báwo ló ṣe gùn tó?" Magnhild béèrè.

"Ojú ewé mẹ́ta péré ni, ìyá."

"Ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ yẹn, táìlì ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Mo kà wọ́n nígbà mẹ́rìnlá. Èyí tí o bá wá sọ gan-an, sọ ọ́."

Oddvar wo bébà rẹ̀. Ó ṣí ojú ewé kejì, ó ṣí ẹ̀kẹta. Kò sí níbẹ̀. Ó ká a, ó tì í bọ àpò, ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ ò sì mọ ibi tó máa wà.

"Èmi ni mo fà á," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá. Ẹ má bínú."

Magnhild wò ó láti bàtà dé táì.

"Mò ń bínú," ìyá náà wí. "N ó máa bínú lọ títí di Kérésì, lẹ́yìn ìyẹn a ó wò ó. Gbé kọfí yẹn sún mọ́ mi. Ọwọ́ tí mo fi ń mu ún ló kán."

Oddvar gbé e. Kò mọ apá ibi tó yẹ kí etí ife kọjú sí, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, kó tó rí i pé ọwọ́ òsì ni ìyá náà máa fi gbà á. Díẹ̀ dà sínú àwo. Láti ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń pè é ní olùdarí ìrànlọ́wọ́, ẹni àkọ́kọ́ tó ràn lọ́wọ́ nìyẹn, ìyá náà sì ní kọfí ọ̀hún ti tutù.